Oúnjẹ ọ́gáníìkì àti súpámákẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Mọpà. Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ ohun tí súpámákẹ́ẹ̀tì ń wá, fún ẹni tó ń ra ọjà lóko lọ tà ní Àbújá tàbí Ìlọrin, àti fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nílé tó fẹ́ ya igun kan sọ́tọ̀ fún oúnjẹ tí kò rí oògùn. Ohun kan wà tí ẹ ó máa bá pàdé níbi gbogbo: súpámákẹ́ẹ̀tì kì í fetí lásán ra ọ́gáníìkì. Ìwé ló ń rà, ìyàsọ́tọ̀ ló ń rà, ọjà tí kò ní dáwọ́ dúró ló ń rà. Oúnjẹ gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

Kí ni ọ́gáníìkì gan-an? Ṣé kì í ṣe oúnjẹ tí a kò fi fàtíláísà sí náà ni?

Ìyẹn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣe oko ló ń jẹ́ ọ́gáníìkì, tí ẹlòmíràn tí kì í ṣe olóko sì ti wá yẹ̀ ẹ́ wò. NPK àti yúríà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Oògùn apakoríko tí à ń rà lọ́jà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Oògùn apakòkòrò tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí òfin dárúkọ. Irúgbìn GMO, ìyẹn èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí, kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ sì máa bi ẹni tó ń ta irúgbìn fún yín dáadáa, nítorí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ẹ̀wà GMO tó ń jẹ́ PBR láti 2019 àti àgbàdo GMO tó ń jẹ́ TELA ní 2024. Irúgbìn tí wọ́n kùn ní pupa tàbí búlúù, oògùn ló wà lára rẹ̀. Ẹ má gbìn ín.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa lókun sí i: kí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tẹ̀ lé àgbàdo, kí ajílẹ̀ padà sínú ilẹ̀. Oko tí a kò fi nǹkan kan sí, tí a kàn ń kórè nínú rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi ṣá, kò rí kẹ́míkà lóòótọ́, àmọ́ aláyẹ̀wò kò ní buwọ́ lù ú.

Fún oúnjẹ inú páálí tàbí inú ike, òfin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ní kí ìdá 95 nínú 100 àwọn èròjà tó ti oko wá jẹ́ ọ́gáníìkì kí wọ́n tó lè tà á ní orúkọ yẹn. Omi àti iyọ̀ kò sí nínú ìṣirò. Gààrí rọrùn, ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Ẹni tó ń ṣe ṣin-ṣin ló ní iṣẹ́ níwájú: bí gbogbo èròjà bá jẹ́ gíráàmù 1,000, tí gíráàmù 100 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ṣúgà ọjà lásán, ìdá 10 ti bọ́ sọ́nà òdì. Kò yege.

Kí ni àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ṣe nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un?

Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ń tà á. Whole Foods Market bẹ̀rẹ̀ ní Austin, ní Texas, ní 1980. Carrefour ní Faransé gbé búrẹ́dì ọ́gáníìkì sórí pẹpẹ ní 1992. Nígbà tí Walmart náà dá sí i ní 2006, ó ti kúrò ní ọjà àwọn olówó nìkan. Ní 2017, Amazon san dọ́là bílíọ̀nù 13.7 láti ra Whole Foods.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi orúkọ ara wọn sí ọjà náà. Ní Amẹ́ríkà, Safeway gbé O Organics jáde ní 2005, Kroger gbé Simple Truth jáde ní 2012. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: orúkọ tiwọn kò gba owó ìpolówó púpọ̀, nítorí náà wọ́n lè tà á ní owó tó dín sí ti ilé iṣẹ́ olórúkọ ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àgbẹ̀ ní láti wò. Bí orúkọ súpámákẹ́ẹ̀tì bá ti wà lára páálí, oníbàárà kò mọ̀ yín mọ́, wọ́n sì lè fi olóko mìíràn rọ́pò yín ní sáà tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ohun kejì ni wíwá oko mú. Ọjà kò kárí, wọ́n sì rí i pé àgbẹ̀ kò lè fi ọdún 2 tàbí 3 dúró de ìwé-ẹ̀rí bí kò bá sí ẹni tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní 2016, Costco yá ilé iṣẹ́ oko kan lówó láti ra ilẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣe ọ́gáníìkì. Ní Jámánì, Lidl bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Bioland ṣe àdéhùn ní 2018 pé ọjà wọn yóò máa wọ ilé ìtajà òun. Ẹ fi àpẹẹrẹ kejì yìí sọ́kàn: ẹgbẹ́ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn kò máa lọ láti ilé àgbẹ̀ kan sí òmíràn.

Ohun kẹta ṣẹlẹ̀ lórí pẹpẹ, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó sórí pẹpẹ, kí sì nìdí tí wọ́n fi ń di ọ́gáníìkì sínú lọ́rà nígbà tí èyí tó kù wà ní gbangba?

Ìbéèrè yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, pé báwo ni oúnjẹ tó yẹ kó sún mọ́ ilẹ̀ ṣe wá wà nínú lọ́rà. Ìdí ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjèèjì jọra. Ẹni tó ń gbowó kò lè fi ojú mọ èyí tó wọ́n. Ọ́gáníìkì ló kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà òun ni wọ́n ń dì, kí wọ́n má baà di òkìtì ńlá tó kù.

Ibi tí wọn kò bá ti dì í, wọ́n a lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ní nọ́ńbà 4011. Ti ọ́gáníìkì ní 94011, 9 ló gorí. Nọ́ńbà yìí ń ran ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ni o, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Ní 2016, súpámákẹ́ẹ̀tì ICA ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná lésà kọ ọ̀rọ̀ sára èèpo píà àti ọ̀dùnkún ọ́gáníìkì, kí wọ́n lè sá fún lọ́rà.

Omi náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ máa ń wọ́n omi sórí ẹ̀fọ́ kó má baà rọ. Bí ẹ̀fọ́ tó rí oògùn bá wà lókè tí ti ọ́gáníìkì wà nísàlẹ̀, omi tó ń kán láti òkè ti bà á jẹ́. Òkè ni ti ọ́gáníìkì gbọ́dọ̀ wà. Bákan náà ni nínú yàrá tútù: páálí ọ́gáníìkì lókè, èyí tó kù lábẹ́. Kírétì tó kó tòmátì lásán lánàá, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n tẹ́ ohun mímọ́ sí i kí ti ọ́gáníìkì tó wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìsánlú tàbí Ìyàrà lè ṣe gbogbo èyí láìsí ẹ̀rọ. Ẹ fún un ní pẹpẹ òkè. Ẹ ní kóńgò tirẹ̀ àti ṣíbí tirẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ẹ̀wà lásán kí ẹ tún fi wọ́n ti ọ́gáníìkì. Bí ẹ bá ń fún oògùn ẹ̀fọn tàbí aáyán lálẹ́, ibi tí ọjà yẹn wà kò gbọ́dọ̀ gba ìkankan. Ẹ sì tọ́jú rìsíìtì ẹni tó tà á fún yín, nítorí ọjọ́ kan ni oníbàárà yóò béèrè.

Oko bàbá mi kò rí oògùn rí. Ṣé mo lè kọ "ọ́gáníìkì" sára àpò mi lónìí?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. A kò sọ pé irọ́ lẹ ń pa. Ẹ̀rí ló kù.

Òfin Yúróòpù tuntun, 2018/848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ní kí ilẹ̀ ti wà lábẹ́ ìlànà ọ́gáníìkì fún ọdún 2 kí ẹ tó gbin àgbàdo, ẹ̀gúsí tàbí ohun tó ń parí láàárín ọdún. Fún igi bíi kajú, kòkó àti kọfí, ọdún 3 ni kí ìkórè àkọ́kọ́ tó lè gba orúkọ yẹn. Kíkà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí oṣù 36 ti kọjá láàárín ìgbà tí oògùn tí kò bófin mu kan ilẹ̀ náà gbẹ̀yìn àti ìgbà tí ẹ kórè.

Ibí yìí ni ìwọ̀-oòrùn Kogí ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn kò ní: igbó tó ti sinmi pẹ́. Yúróòpù lè gba ọdún tó ti kọjá mọ́ ọdún tí ẹ dúró, bí ẹ bá lè fi hàn pé ilẹ̀ náà kò rí oògùn fún ọdún 3 ó kéré tán. Ti Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ní kí aláyẹ̀wò wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rí oṣù 36 ló fẹ́. Ohun tí ẹ nílò ni ìwé tí olórí ẹbí tàbí baálẹ̀ fọwọ́ sí nípa ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe, fọ́tò tó ní ọjọ́ lára, àwòrán ààlà tí ẹ fi fóònù yà, àti, bó bá ṣeé ṣe, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ADP, àjọ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó mọ agbègbè náà.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni àtìpó ilẹ̀. Ẹbí búra pé oògùn kò dé ibẹ̀ rí, àṣé ẹni tí wọ́n yá ní ilẹ̀ gbin iṣu ní ọdún 2 sẹ́yìn ti fún oògùn apakoríko kó tó kọ ebè. Ẹ wá gbogbo ẹni tó ti dá oko níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ta ni ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí? Àgbẹ̀ kékeré ha lè san owó rẹ̀?

Òun nìkan, kò jọ ọ́. Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹgbẹ́.

Ọ̀nà kìíní kò ná owó púpọ̀: àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn á máa yẹ oko ara wọn wò, pẹ̀lú ìlànà tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. PGS ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Bí Ṣadé bá ní oko, aládùúgbò rẹ̀ kan, àgbẹ̀ kan láti abúlé mìíràn àti ẹnì kan tó ń rà á ló máa wá wò ó, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á kà á sétí ìpàdé. Ó tó fún ọjà abẹ́lé bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá gbà á. Kò tó fún ọjà tó ń lọ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, NOAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe oko ọ́gáníìkì, tó wà ní Ìbàdàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ọ̀nà kejì ni ìwé-ẹ̀rí kan fún gbogbo ẹgbẹ́, láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aláyẹ̀wò. Yúróòpù ní kí ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ó má ju ọmọ ẹgbẹ́ 2,000 lọ, kí oko ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju hẹ́kítà 5 lọ tàbí kí ó wà lábẹ́ òdiwọ̀n owó tí òfin kọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa yan àwọn tí yóò yẹ oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Aláyẹ̀wò láti ìta á wá, á mú díẹ̀ nínú wọn, á sì wò ó bóyá ohun tí ẹgbẹ́ kọ bá ohun tó wà lóko mu. Bí ẹnì kan bá fún oògùn tí ẹgbẹ́ sì fi pa mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló lè pàdánù ìwé náà. Nítorí náà, ẹ má fi ojú àánú gba ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni 25 tó ń kọ̀wé sàn ju ẹni 200 tó ń jó níbi ìpàdé.

Kí ni à ń kọ sínú ìwé oko?

Ìwé olójú ewé 60 tó. Ọjọ́, oko wo, kí la ṣe, kí la fi ṣe é, mélòó. Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí:

12/4. Oko Òkè Odò, hẹ́kítà 0.4. Gbin ẹ̀gúsí, irúgbìn tiwa ti èṣí, kóńgò 3.
30/4. Roko, èèyàn 4, ọkọ́ nìkan.
9/5. Omi dóńgóyárò, lítà 20, ìrọ̀lẹ́. Táńkì tiwa.
2/8. Kórè. Àpò 5, nọ́ńbà OD-1 dé OD-5. Yàrá kejì.
20/8. Ta OD-1 dé OD-3. Rìsíìtì 014.

Aláyẹ̀wò kò ní ka gbogbo rẹ̀. Á kàn ṣe ìṣirò: àpò 5 wọlé, 3 jáde, nítorí náà 2 gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá. Á ní kí ẹ ṣí yàrá. Bí àpò tí ẹ tà bá ju èyí tí ẹ kórè lọ, kò sí àlàyé tó máa gbà yín. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ra ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ìdí tí oko tó mọ́ dáadáa fi máa ń kùnà nìyí, kì í ṣe oògùn.

Kí la ó wá fi jí ilẹ̀, kí la ó fi lé kòkòrò?

Fún ajílẹ̀: ẹ to ewé gbígbẹ, ìhá àgbàdo àti koríko sí ìpín 3, ìgbẹ́ ẹran àti ewé tútù sí ìpín 1. Kí òkìtì náà fẹ̀ tó mítà 1.5, kó ga tó mítà 1 sí 1.5. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í gbóná. Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú òkìtì báyìí wà láàárín 55 sí 77 digíríì Celsius fún ọjọ́ 15, kí ẹ sì yí i padà ó kéré tán ìgbà 5 láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ẹ kò bá ní ohun èlò tó ń wọn ooru, ẹ ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ọwọ́ bá lè dì í mú pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ fà á yọ, kò tíì gbóná tó. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù: ẹ tú u, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un.

Ìgbẹ́ ẹran tútù tí kò jẹrà ní òfin tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ohun tí a máa jẹ bá ń kan ilẹ̀, bíi ẹ̀fọ́, ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí ẹ fọ́n ọn àti ìgbà tí ẹ kórè. Bí kò bá kan ilẹ̀, bí àgbàdo, ọjọ́ 90. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń yá ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nítorí náà ẹ kò lè fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i láé, àfi kí ẹ jẹ́ kó jẹrà gbígbóná kọ́kọ́. Yúróòpù kò sì gba ìgbẹ́ adìyẹ tó ti ilé adìyẹ ńlá inú àgò wá.

Eérú igi dára, bí igi náà kò bá jẹ́ pákó tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán sí.

Fún kòkòrò: gíráàmù 500 kóró dóńgóyárò tó gbẹ tí ẹ ti bó èèpo rẹ̀, ẹ gún un, ẹ fi lítà 10 omi rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ fi ọṣẹ dúdú bí orí àtàǹpàkò sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fún un, nítorí oòrùn máa ń pa agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fún un ní agogo 12 ọ̀sán ti ṣòfò. Kó má sì sùn di ọjọ́ kejì.

Fún èpò, ọkọ́ ni o. Ẹni tó bá ní ọ̀nà ìrọ̀rùn mìíràn wà fún ẹ̀gúsí, kó jọ̀ọ́ kó wá fi hàn wá. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a gbin ẹ̀gúsí sí abẹ́ wọn máa ń dín èpò kù, àwọn bàbá wa ti mọ ìyẹn tipẹ́.

Aládùúgbò mi ń fún oògùn. Ṣé oko tèmi ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò dandan. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ ní ààlà; mítà 8 sí 10 ni ọ̀pọ̀ aláyẹ̀wò máa ń fẹ́ rí, pàápàá tí igi tàbí eèsún bá wà níbẹ̀ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ohun tó bá hù sínú àlàfo yẹn, ẹ jẹ ẹ́ nílé tàbí kí ẹ tà á bí ọjà lásán. Bí omi òjò bá ń ṣàn láti oko rẹ̀ wá sínú tiyín, ẹ gbẹ́ kòtò tó máa darí rẹ̀ gba ibòmíràn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko méjì, paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 àti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń lo èyí tó kù nílé.

Àmọ́ ohun tó ń ba oko jẹ́ jù kì í gba ààlà wọlé. Àyálò ni. Táńkì ìfúnkóògùn tí ẹ yá láti fi fún omi dóńgóyárò, tó jẹ́ pé oògùn apakoríko ló wà nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mọ́tò tó kó àpò fàtíláísà lọ sóko kó tó wá kó gààrí yín. Èyí tó burú jù lọ ni àpò yúríà tí a fọ̀ tí a sì fi ń di gààrí. Ó funfun, ó lágbára, ó pọ̀, kò sí ẹni tí kò lò ó rí. Kò sí súpámákẹ́ẹ̀tì kankan tó máa gbà á, orúkọ fàtíláísà ṣì wà lára rẹ̀ gàgàrà.

Ẹ̀wà wa máa ń ní kòkòrò. Báwo la ó ṣe pa á mọ́ láìsí oògùn?

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Láti oṣù kẹfà 2015 ni Yúróòpù ti dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n rí lára rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń wọ́n sínú àpò kí kòkòrò má wọ̀ ọ́.

Àpò PICS ló dára jù. Ó ní ìpele 3: ike 2 nínú, àpò líle 1 níta. Ẹ da ẹ̀wà sínú ike àkọ́kọ́, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ yí ẹnu rẹ̀ po, ẹ dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti kejì àti ti kẹta. Kòkòrò tó wà nínú á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, wọn kò ní lè jẹun mọ́, wọ́n á kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù 2 ó kéré tán. Bí eku bá lu ike náà, ó parí, ẹ gbé e sórí pákó.

Kí ẹ̀wà tàbí àgbàdo tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dá a padà sóòrùn.

Súpámákẹ́ẹ̀tì Àbújá ní òun fẹ́ ọjà wa. Kí ni òun máa béèrè?

Fún ẹ̀fọ́ tútù àti iṣu, ẹ kò nílò nọ́ńbà NAFDAC. Fún gààrí inú páálí, oyin, epo pupa inú ìgò, irú gbígbẹ, ẹ nílò rẹ̀. Orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ìwọ̀n, àti èròjà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n á béèrè bákóòdù. Ti Nàìjíríà láti GS1, àjọ tó ń fúnni ní bákóòdù, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Ẹ má ra bákóòdù lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ní èyí tó kù, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kà á gẹ́gẹ́ bí bísíkíìtì ẹlòmíràn, ìtìjú ni.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó gbé ọjà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í san án lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 30 tàbí 60 ni, àwọn mìíràn á sì san kìkì èyí tí wọ́n bá tà, wọ́n á dá èyí tó kù padà. Ẹ ní owó tó máa gbé yín dé oṣù kẹta láìrí kọ́bọ̀.

Wọ́n á tún béèrè pé ṣé ẹ lè gbé e wá lọ́sẹ̀ gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ ìdì ẹ̀fọ́ 40 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 80 nìyẹn. Ẹ nílò bẹ́ẹ̀dì 6 ó kéré tán, kí ẹ máa gbin ọ̀kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ti àkọ́kọ́ máa yá nígbà tí ẹ bá ń gbin ìkẹfà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ẹ nílò omi. Ẹni tí kò ní odò tàbí kànga nítòsí kó má ṣèlérí ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èwo nínú ọjà ilẹ̀ wa ló yẹ ká kọ́kọ́ mú lọ?

Èyí tó gbẹ. Láti Kàbà gba Lọ́kọ́ja dé Àbújá, ẹ̀fọ́ tútù á ti rọ bí kò bá sí mọ́tò tútù. Gààrí, ẹ̀gúsí, kóró kajú, irú gbígbẹ, oyin, wọ́n á dé bí wọ́n ṣe kúrò nílé.

Gààrí: Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ní kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Gààrí tí a yan kánkán tó sì tutù nínú lọ́rà máa ń hu olú láàárín oṣù kan. Ẹ tẹ́ ẹ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í.

Kajú: ọ̀pọ̀ ń fún oògùn apakoríko sábẹ́ igi kí kóró tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí ṣíṣà rẹ̀ lè rọrùn. Ìyẹn nìkan ti gba ọdún 3 lọ́wọ́ yín. Ẹ fi àdá ro ó. Ẹ máa ṣà á lójoojúmọ́, ẹ yọ èso kúrò, ẹ sá kóró fún ọjọ́ 2 sí 3, inú àpò ọ̀gbọ̀ ni kí ẹ dì í sí, kì í ṣe ike.

Oyin: òun ló dùn jù láti tà, òun náà ló ṣòro jù láti fi ẹ̀rí ti lẹ́yìn. Oyin kò mọ ààlà. Yúróòpù ní kí kìlómítà 3 yí ká ilé oyin jẹ́ igbó tàbí oko tí kò rí oògùn. Ní etí òkè Búnú, ó ṣeé ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo ńlá, kò ṣeé ṣe. Omi inú oyin kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kan, ìdérí ìgò á sì fò. Afárá tí oyin ti dé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kí ẹ gé, ẹ má gé èyí tó ṣí sílẹ̀.

Kí nìdí tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí àgbẹ̀ kò sì rí gbogbo owó yẹn?

Roko lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú èèyàn 4 fún ọjọ́ 2 jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 24. Ẹni tó fún oògùn parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìyẹn ti àgbẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù ni pípàdánù. Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe é: ṣọ́ọ̀bù ra ìdì ẹ̀fọ́ 100 ní ₦300, ₦30,000. Bí 30 bá rọ, 70 tó kù gbọ́dọ̀ mú ₦30,000 padà. ₦429 nìyẹn lórí ìdì kan kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé owó lé e, tí wọ́n sì ń béèrè fún díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá mú ẹ̀fọ́ dé ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí gbòǹgbò ṣì wà lára rẹ̀, tó wé aṣọ tútù mọ́ ọn, lè béèrè owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èyí tó máa rọ ti dín kù.

Ṣé ó dára fún ara ju èyí tó kù lọ ni?

Àjẹkù oògùn tó wà lára rẹ̀ máa ń kéré, ìyẹn dájú. Nípa fítámì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sì túmọ̀ sí pé ó mọ́: ìgbẹ́ ẹran ni ajílẹ̀ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́.

"Àdáyébá" àti ọ́gáníìkì, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. "Àdáyébá" tí wọ́n ń kọ sára ìgò kò ní aláyẹ̀wò kankan lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Bí ẹ bá rí "ọ́gáníìkì", ẹ wá orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nítòsí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bi ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó ní ìwé kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ṣé dandan ni ká ta gbogbo rẹ̀ fún súpámákẹ́ẹ̀tì?

Kì í ṣe dandan, àwa kò tilẹ̀ ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ mú ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó àti ohun tí wọ́n ń dá padà. Èyí tó kù, ẹ tà á lọ́jà Kàbà tàbí fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá tí wọ́n ń wá gààrí ilé lọ́sẹ̀ gbogbo, àwọn yẹn ń san owó kí àpò tó wọ mọ́tò. Nọ́ńbà àpò kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn, àti ìwé kan náà.